Ṣíṣa Òkúta ní Òkè-Ògùn: Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Wá Léraléra

Ṣé ṣíṣa òkúta yàtọ̀ sí ìwakùsà?

Ó yàtọ̀ gan-an. Awakùsà ń gbẹ́lẹ̀, ohun tí yóò tà ló ń wá. Ẹni tó ń ṣa òkúta ń wá èyí tó ti wà lórí ilẹ̀: èyí tí ọ̀gbàrá wú síta, èyí tí katakata já lulẹ̀ nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà, èyí tí àgbẹ̀ kó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko kí ọkọ́ rẹ̀ má baà kán. Á mú ẹyọ kan tàbí méjì lọ sílé, á fọ̀ ọ́, á wò ó dáadáa, á kọ ibi tó ti rí i.

Bí owó lẹ bá ń wá, ẹ má wulẹ̀ dá ara yín lágara. Òkúta tí a ń ṣà kì í sábà ra ìrẹsì.

Kí ló wà ní Òkè-Ògùn tí èèyàn fi ń wọkọ̀ lọ síbẹ̀ torí òkúta?

Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, láti Ìsẹ́yìn dé Kíṣì, kò sì sí èyí tí àpáta kò sí nínú wọn. Òkúta àtijọ́ ni: gneiss tí ooru inú ilẹ̀ ti sè tó sì ti lọ́, tó wá ní ìlà dúdú àti funfun bí aṣọ òfì Ìsẹ́yìn gan-an, àti granite tó yọ́ wọ àárín rẹ̀ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn. Òkúta granite yìí ni àwọn àgbà ń pè ní akọ òkúta.

Àyànfẹ́ wa ni pegmatite. Nígbà tí granite bá ń dì, oje tó kù sẹ́yìn á wọ inú àlàfo àpáta, ibẹ̀ ni yóò sì ti dì. Omi pọ̀ nínú oje náà, ìyẹn ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan fi ráyè dàgbà, débi pé feldspar kan lè tó orí èèyàn. Quartz, feldspar àti mica ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, tourmaline dúdú ò sì wọ́n (ẹ ó rí bí a ṣe ń dá wọn mọ̀ nísàlẹ̀). Garnet àti beryl (òkúta tí emerald aláwọ̀ ewé jẹ́ ẹ̀yà rẹ̀) máa ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tourmaline aláwọ̀ ló sọ Kòmu di ìlú tí gbogbo ayé gbọ́ orúkọ rẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú. Ti Ìgbẹ̀tì ni mábù.

Wúrà ńkọ́?

Ẹ lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, sí Ìtàgúnmodì àti Ìpèríndó. Níbẹ̀ náà, àwọn awakùsà ló ni ibẹ̀, odò ibẹ̀ sì ti dà rú. Ohun tó ń dán nínú iyanrìn odò tiwa, mica ni. Ẹ gbé e lé akọ òkúta kẹ́ ẹ sì fi òòlù lù ú: wúrà á tẹ́ pẹlẹbẹ, mica á fọ́ yẹ́lẹ́yẹ́lẹ́.

Mi ò mọ ibì kankan. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ibi tí ẹlòmíì ti ṣí ilẹ̀ sílẹ̀. Gbólóhùn kan yẹn ló ń ṣiṣẹ́ fún wa. Ilẹ̀ Òkè-Ògùn ní erùpẹ̀ àti yangí lórí, òkúta tó dára wà lábẹ́. Àwa kì í gbẹ́lẹ̀, nítorí náà àfi ká wá ibi tí omi, ọ̀nà tàbí ọkọ́ ti bá wa gbẹ́ ẹ.

Ibi tí ọ̀nà bá ti gba inú òkè kọjá ló máa ń yá jù. Lójú títì Ìsẹ́yìn sí Ṣakí, ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti gé òkè sí méjì. Ẹ páàkì mọ́tò jìnnà sí etí títì, kẹ́ ẹ sì wo ìdí ògiri náà. Ibi tí odò bá ti yí kọ́rọ́ ló tẹ̀ lé e, nítorí pé níbẹ̀ ni omi ti ń sọ ẹrù wúwo kalẹ̀. Iyanrìn dúdú tó bá kóra jọ sẹ́yìn òkúta níbẹ̀ máa ń ní garnet pupa wínníwínní nínú. Kànga tuntun náà dára: ẹ wo òkìtì tí wọ́n kó síta, ẹ má wo inú kànga.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni òkìtì òkúta inú oko. Ó lè tó ogójì ọdún tí ìdílé kan ti ń ju gbogbo òkúta tí ọkọ́ wọn bá kọ lù síbì kan náà. Ọjọ́ kan ṣoṣo tẹ́ ẹ bá fi tú irú òkìtì bẹ́ẹ̀ á sọ ohun tó wà lábẹ́ gbogbo oko náà fún yín. Kẹ́ ẹ sì tò ó padà bẹ́ ẹ ṣe bá a.

Ta ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀?

Baálẹ̀, tàbí ọba bó bá jẹ́ ìlú. Lẹ́yìn náà, ẹni tó ni oko. Ẹ má ṣe kọ́kọ́ wọ igbó kẹ́ ẹ tó wá sọ pé ẹ fẹ́ kí wọn. Òkè-Ògùn ti rí àwọn tó wá pẹ̀lú dígà lóru, ẹni tó bá rí àjèjì pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́ máa bi í léèrè, ó sì tọ́ kó bi í.

Ẹ dọ̀bálẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ kúnlẹ̀, ẹ sọ orúkọ yín àti ibi tẹ́ ẹ ti wá, kẹ́ ẹ sì mú òkúta kan tẹ́ ẹ ti ṣà níbòmíì jáde. Òkúta yẹn ń ṣe ju ìwé lọ. Mo kí bàbá kan lẹ́bàá Òtu báyìí pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Òkúta la wá wò." Ó rẹ́rìn-ín: "Òkúta wo? Gbogbo oko mi, òkúta ni, ẹ bá mi kó o lọ." Ṣùgbọ́n nígbà tó rí tourmaline dúdú tó wà lọ́wọ́ mi, ó dákẹ́, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó wá ní, "Àwọn ọmọ mi máa ń fi irú eléyìí kọ nǹkan sára ògiri nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Ẹ jẹ́ ká lọ." Ó mú wa dé ibi tí a ò bá fi ọdún kan wá.

Àwọn agbẹ́kànga ló tún mọ ilẹ̀ jù. Wọ́n á sọ fún yín pé ibí yìí, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lẹ ó gbẹ́ kẹ́ ẹ tó kan òkúta. Tọ̀hún, ẹfun ni títí dé ìsàlẹ̀. Ẹfun yẹn gan-an, feldspar tó ti jẹrà ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ máa wo àyíká rẹ̀.

Àsìkò wo ló dára jù?

Oṣù kejì àti ìkẹta. Ìgbẹ́ ti jó, koríko ti wálẹ̀, odò kéékèèké ti gbẹ, èèyàn lè rin ìsàlẹ̀ wọn. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá wá rọ̀, ẹ jáde ní àárọ̀ ọjọ́ kejì: eruku ti wẹ̀ kúrò, oòrùn àárọ̀ sì ń ta láti ẹ̀gbẹ́, gbogbo ohun tó bá ní ojú á máa kọ mànà. Láàárín agogo méje sí mẹ́sàn-án, ojú a máa rí ohun tí kò ní rí ní ọ̀sán gangan.

Lóṣù kẹjọ, ẹ jókòó sílé. Koríko á ti ga ju èèyàn lọ, ẹ ò ní rí òkúta, ẹ ò sì ní rí oká.

Kí ni kí n mú dání?

Òòlù tó wúwo díẹ̀, ìṣó irin ńlá kan, òòfà kékeré, awò tí ń sọ nǹkan di ńlá, ìwé ìròyìn àtijọ́ fún wíwé, àpò tí kò tètè ya, àti omi tó pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Bàtà tó bo kókósẹ̀. Bẹ́ ẹ bá máa fi òòlù lu òkúta, ẹ wọ gíláàsì tó bo ojú. Èérún quartz mú ju abẹ lọ. Ẹ má fi òòlù lu òòlù mìíràn láé, irin lè fò jáde.

Fóònù yín ti tó fún mímọ ibi tẹ́ ẹ wà, àmọ́ nẹ́tíwọ̀kì kì í dé gbogbo ibi. Ẹ ti da àwòrán ilẹ̀ náà sórí fóònù kẹ́ ẹ tó kúrò ní Ìsẹ́yìn.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tí mo rí?

Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Ìdajì ìbéèrè tó ń dé ọ̀dọ̀ wa ni omi àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ti dáhùn. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wo bó ṣe le tó. Àwọn onímọ̀ ń fi nọ́mbà 1 dé 10 wọn líle òkúta. Talc wà ní 1, èékánná lásán lè ha á. Mábù funfun wà ní nǹkan bíi 3, ìṣó á mú un. Dígí igo wà ní nǹkan bíi 5 ààbọ̀, feldspar wà ní 6, quartz wà ní 7, tourmaline ju ìyẹn lọ díẹ̀. Bí òkúta funfun kan bá ha igo, tí ìṣó kò sì ràn án, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ quartz.

Feldspar àti quartz ló ń da àwọn èèyàn rú jù. Ẹ wo ibi tí ó ti fọ́. Feldspar ń fọ́ sí ojú tó tẹ́, bí ẹni gé ọṣẹ, ojú náà á sì máa tan ìmọ́lẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà tẹ́ ẹ bá yí i. Quartz ń fọ́ gátagàta, ó ń ṣe kòtò róbótó bí ìdí igo tó là. Mica á bó ní awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Èyí tó bá ní àwọ̀ àlùkò lára, lepidolite ni, lithium wà nínú rẹ̀.

Tourmaline dúdú gùn bí ọ̀pá, ó ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ wo orí rẹ̀ níbi tó ti kán: igun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wú síta ni. Kò sí òkúta dúdú míì níhìn-ín tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Òkúta mi hó nígbà tí mo da omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Kí nìyẹn?

Mábù, tàbí nǹkan tó jẹ́ ẹbí rẹ̀. Ásíìdì ló ń lé afẹ́fẹ́ jáde nínú rẹ̀. Bí magnesium bá pọ̀ nínú mábù náà, kò ní hó àfi tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ lọ̀ ọ́ sí lẹ́búlẹ́bú, nítorí náà ẹ má tètè sọ pé kì í ṣe mábù.

Báwo ni mo ṣe máa wọ ibi mábù Ìgbẹ̀tì?

Ẹ yà sí ẹnu ọ̀nà kí ẹ sì bèèrè. Àwọn tó ní ìwé àṣẹ lórí ilẹ̀ náà ló ni ọ̀rọ̀ sísọ, kì í ṣe awakọ̀ tó ní òun lè mú yín gba ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá gbà, ibi tí wọ́n ń da èyí tí kò wúlò sí ni kẹ́ ẹ wò, kẹ́ ẹ sì jìnnà sí ògiri tí wọ́n ń fọ́ àti ọ̀nà tí tírélà ń gbà. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ kí wọn kẹ́ ẹ máa lọ.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ràn mábù ju tourmaline lọ. Ó rọrùn láti dá mọ̀, ó rọrùn láti mú dán pẹ̀lú sáńpépà àti omi, ó sì máa kọ́ yín ní sùúrù. Àwọn ará ilé á mọ̀ pé nǹkan lẹ gbé wálé.

Ṣé mo lè sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò tí àwọn awakùsà ti fi sílẹ̀?

Rárá. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Kòtò náà kò ní òpó, erùpẹ̀ tó rin fún òjò lè wó lójijì, afẹ́fẹ́ tó wà nísàlẹ̀ lè má tó mí, omi tó sì kún inú àwọn míì máa ń bo ọ̀gbun mọ́lẹ̀. Ẹ̀bá kòtò pàápàá lè ya lulẹ̀, ẹ dúró jìnnà.

Òkìtì tó wà létí kòtò ni tiwa, bí onílẹ̀ bá gbà. Awakùsà ń wá èyí tó mọ́ gaara, ó sì ń ju èyí tó ní àbàwọ́n nù. Èyí tó jù nù yẹn, tí tourmaline pupa tó ti sán ṣì wà nínú quartz, ni èmi ń fi sí orí pẹpẹ ìwé mi.

Kí ni òfin sọ?

Òfin ìwakùsà Nàìjíríà ti ọdún 2007 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀. Ẹni tó ni oko ló ni iṣu, kì í ṣe ohun tó wà lábẹ́ iṣu. Òfin náà sì sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ máa wá àlùmọ́ọ́nì tàbí kó máa wà á láìgba àṣẹ. Àṣẹ tó kéré jù ni èyí tó fún èèyàn láyè láti wo ilẹ̀ kiri. Kò fún un láyè láti gbẹ́ ẹ. Ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní Mining Cadastre Office ló ń fúnni.

Nítorí náà, ohun tí àwa ń ṣe kò ju èyí lọ: a kì í gbẹ́lẹ̀, a kì í tà, ìwọ̀nba tó kún ọwọ́ méjì la ń mú. Bí ẹgbẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ bá fẹ́ jáde, a máa ń ní kí wọ́n kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìwakùsà ní Ìbàdàn, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà rẹ̀ fún baálẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó lọ gba àṣẹ. Kò sí ọ̀nà ẹ̀yìn.

Ibo ni kò yẹ kí n mú òkúta rárá?

Inú Old Oyo National Park, ibi tí Ọ̀yọ́-Ilé wà. Ẹ lọ wo ibẹ̀, ẹ ya fọ́tò, ẹ má mú òkúta. Bákan náà ni adágún Ìyàkẹ̀ lórí òkè Adó-Àwáyè, Òkè Aṣabàrí ní Ṣakí, àti òkè èyíkéyìí tí ìlú bá ń bọ. Òfin ìwakùsà fúnra rẹ̀ dáàbò bo ohun tí ìlú bá kà sí mímọ́.

Ẹ má sọ pé ẹ̀sìn yín yàtọ̀. Òkè àwọn onílé ni.

Mo rí òkúta tó dán tó dà bí àáké. Ṣé ẹdùn àrá ni?

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é, òun náà sì ni àwọn oníṢàngó ń tọ́jú sínú ọpọ́n lórí odó Ṣàngó. Wọ́n ní ó ń bá àrá wálẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn ní tiwọn sọ pé àáké ni lóòótọ́, tí àwọn èèyàn lọ̀ kó mú kí irin tó dé, tí òjò ńlá sì ń wú u jáde nínú oko. Ìyẹn ni àwọn èèyàn fi máa ń rí i lẹ́yìn àrá.

Lọ́nà méjèèjì, kì í ṣe òkúta tí à ń ṣà. Ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà, ẹ ya fọ́tò, ẹ kọ ibẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún onílẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù. Nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé ni lójú òfin. Kò gbọdọ̀ kúrò ní Nàìjíríà láìsí ìwé.

Òkúta dúdú tó wúwo, òòfà ń fà á díẹ̀. Ṣé láti ojú ọ̀run ló ti já bọ́?

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdàrọ́ ni nígbà gbogbo. Ibi tí àwọn baba ńlá wa ti yọ́ irin ni ìdàrọ́ ti ń wá. Ẹ wo ara rẹ̀: ihò afẹ́fẹ́ kéékèèké wà níbẹ̀, ibì kan sì ṣàn bí oyin tó dì. Òkúta ojú ọ̀run kì í sábà ní ihò bẹ́ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí àfọ́kù amọ̀ tó dà bí páìpù nítòsí, ẹnu ẹwìrì nìyẹn. Níbi tí wọ́n bá ti pọ̀ jọ, ẹ má tú wọn ká. Ilé iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ àtijọ́ lẹ dúró sí.

Ẹnì kan fẹ́ ta emerald fún mi lówó pọ́ọ́kú. Ṣé kí n rà á?

Ẹ gbé e sí ojú oòrùn kẹ́ ẹ fi awò wò ó. Bí ẹ bá rí ihò afẹ́fẹ́ róbótó nínú rẹ̀, dígí ni. Odò máa ń lọ ìdí igo bíà títí yóò fi rí bí ohun iyebíye, mo ní mẹ́ta nílé tí wọ́n fi tàn mí jẹ ní ọdún àkọ́kọ́. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó, ẹ bèèrè ibi tó ti rí i àti ìwé àṣẹ tó fi ń tà á. Ó máa rántí pé òun ní ibì kan tí òun ń lọ.

London ni mò ń gbé. Ṣé mo lè kó òkúta lọ nígbà tí mo bá ń padà?

Kíkó àlùmọ́ọ́nì jáde ní Nàìjíríà ń fẹ́ ìwé àṣẹ, kódà fún èyí tí ẹ fẹ́ gbé lọ yẹ̀ wò. Ẹ má dán an wò ní pápákọ̀ òfurufú pẹ̀lú àlàyé pé òkúta lásán ni. Ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín, kí fọ́tò rẹ̀ tó yín.

Ọwọ́ lè máa yún yín níbẹ̀ náà. Ní etíkun Lyme Regis, ní gúúsù England, wọ́n máa ń jẹ́ kí èèyàn ṣa èyí tó ti já sílẹ̀ nínú àwọn ẹ̀dá àtijọ́ tó di òkúta. Irú ìyẹn kò sí ní Òkè-Ògùn rárá, nítorí òkúta wa ti dàgbà jù ú lọ, iná inú ilẹ̀ sì ti sè é. Bó bá jẹ́ Nàìjíríà lẹ ti fẹ́ rí irú ẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta ní Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni, níbi tí ìkarahun òkun wà nínú òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì.

Báwo ni mo ṣe máa tọ́jú ohun tí mo ṣà?

Ẹ kọ nọ́mbà sí ara rẹ̀ pẹ̀lú páínítì funfun bíńtín, kẹ́ ẹ sì kọ nọ́mbà náà sínú ìwé: ọjọ́, ìlú, ibi gan-an, ẹni tó gbà yín láyè. Òkúta tí a kò mọ ibi tó ti wá kò yàtọ̀ sí èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orí yín. Ọdún méjì péré, Òtu àti Kòmu á ti dàpọ̀.

Bí mo bá rí ohun tó dà bíi pé ó tóbi gan-an ńkọ́?

Ẹ má gbé e sórí Facebook. Ọjọ́ kejì ni ọkàdà á ti tò sínú oko ẹni tó gbà yín lálejò, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e sì ni iṣu rẹ̀ á ti di kòtò. A ti rí i.

Ẹni tó ni oko lẹ máa kọ́kọ́ sọ fún, lójúkojú, láàárín ẹ̀yin méjì. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ bá a wádìí lọ́dọ̀ Mining Cadastre Office bóyá ẹnì kan ti ní ìwé lórí ilẹ̀ náà, torí ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé ẹnì kan ti gba ìwé lórí rẹ̀ ní Àbújá kí onílẹ̀ tó gbọ́. Bí kò bá tíì sí, ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ìwé sílẹ̀ ni wọ́n ń dá lóhùn, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ará abúlé sì lè fi tiwọn sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì ti ní ìwé lórí rẹ̀, òfin 2007 ní kí ẹni tó ń wakùsà bá ìlú tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ìdàgbàsókè kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ sọ ìyẹn fún baálẹ̀ kí àwọn tó ni ìwé tó dé.